Adójútòfò Ẹran-Ọ̀sìn: Ta Ni Yóò San Owó Dókítà?

Bí a bá dárúkọ adójútòfò ẹran-ọ̀sìn, ẹṣin ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ẹṣin ni ẹran olówó ńlá, ẹran ọba àti ìjòyè. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í ṣe ẹran ilẹ̀ Òrè àti Òdìgbò. Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, eṣinṣin tsetse tí ń gbé àrùn sùnrunsùnrun káàkiri sì fẹ́ràn òjìji igbó àti bèbè odò. Ẹṣin tí ó bá pẹ́ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ yóò máa rù, ẹ̀jẹ̀ yóò máa gbẹ lára rẹ̀, yóò sì kú bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ Àtijọ́ fi lágbára ní pápá, tí agbára wọn sì ń rọ̀ bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ igbó.

Síbẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin kò jìnnà sí Òrè. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Òrè lọ sí apá Ṣàgámù yóò kọjá lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jáde ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ní Òrè fúnra rẹ̀, ní Òdìgbò, ní Àràròmí-Obù títí dé Agbábù, ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ẹran tí ń jẹ owó ènìyàn, tí ó sì ń pa owó wọlé. Ohun tí ó mú kí ẹṣin wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ara adójútòfò ẹṣin ni a ti lè rí ìyàtọ̀ kan kedere, ìyàtọ̀ tí àìmọ̀ rẹ̀ ti ba ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ́.

Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹṣin rẹ̀ sábẹ́ adójútòfò yóò rí i pé ọ̀tọ̀ ni owó ikú, ọ̀tọ̀ sì ni owó ìwòsàn. Bí ẹṣin bá kú, ilé-iṣẹ́ yóò san iye tí a kọ sílẹ̀ pé ẹṣin náà tó. Bí ẹṣin bá ṣàìsàn, tí inú rẹ̀ lọ́, tí ó ṣẹ́sẹ̀, tí dókítà sì ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, apá mìíràn nínú ìwé àdéhùn ni yóò san owó dókítà, bí olóhun bá ti san owó apá náà. Òun pẹ̀lú ní gbèdéke: ilé-iṣẹ́ kì í san ju iye báyìí lọ láàárín ọdún kan, olóhun fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé iye kan lára gbogbo owó tí ó bá béèrè. Àìsàn tí ẹṣin ti ní kí a tó kọ ìwé kò sí níbẹ̀. Ohun mìíràn tí ó tún yẹ fún àfiyèsí ni pé bí dókítà bá ní kí a pa ẹṣin tí ń jìyà, olóhun ní láti fi tó ilé-iṣẹ́ létí ṣáájú, àfi bí ìrora ẹran náà kò bá gba ìdúró. Ẹni tí ó bá pa ẹṣin nítorí pé kò wúlò fún sísáré mọ́, tí ó wá ń retí owó ikú, ń retí ohun tí kò sí nínú àdéhùn.

Ó yẹ kí ará Òrè mọ̀ pé ìdajì kan péré nínú ìdajì méjì yìí ni ó sábà máa ń wà nínú ìwé adójútòfò ẹran-ọ̀sìn tí a ń tà fún àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. Owó ikú ni. Bí àìsàn bá pa ẹran, bí iná bá jó o, bí àrá bá sán pa á, bí ẹ̀kún omi bá gbé e lọ, bí jàǹbá bá pa á, èyí ni ilé-iṣẹ́ ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Abẹ́rẹ́, oògùn aràn, owó ọkọ̀ dókítà láti Òrè dé inú oko, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí wà lọ́rùn àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá kó rìsíìtì oògùn jọ rẹpẹtẹ, tí ó gbé e lọ síwájú òṣìṣẹ́ adójútòfò pé kí wọ́n dá owó òun padà, yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kò sì ní jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ jẹ.

Ṣé a wá lè sọ pé owó dókítà kò kan adójútòfò rárá? Rárá o. Ó kàn án púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kàn án yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn ń rò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòní sì ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1977 ni Ìjọba Àpapọ̀ ṣe òfin tí ó dá owó onígbọ̀wọ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí ń yá owó ní báńkì, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1978. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ fún báńkì ni èyí. Bí ẹran bá kú, báńkì ní ẹni tí yóò gbà á, àgbẹ̀ kò ní. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987 ni a ṣí ètò adójútòfò fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìrẹsì àti àgbàdo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nínú ohun ọ̀gbìn, màlúù àti adìẹ nínú ẹran-ọ̀sìn, kí àwọn yòókù tó bọ́ sí i. Ní 1993, òfin sọ ilé-iṣẹ́ náà di àjọ ìjọba, òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NAIC. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò aládàáni pẹ̀lú wọ inú iṣẹ́ yìí.

Ohun tí ó dára jù nínú ètò 1987 ni pé a ṣètò rẹ̀ kí àgbẹ̀ má baà dá owó náà san. Fún àwọn ẹran àti ohun ọ̀gbìn tí a tò sínú ètò ìrànwọ́, ìdajì ni ti àgbẹ̀. Ìjọba Àpapọ̀ ni yóò san 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò sì san 12.5. Bí a bá fi àpẹẹrẹ lásán wò ó, kí owó ọdún kan lórí agbo ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ ₦100,000, àgbẹ̀ yóò mú ₦50,000 wá, Àbújá yóò san ₦37,500, Àkúrẹ́ yóò san ₦12,500. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ yóò béèrè ni bóyá ẹran tirẹ̀ wà lára àwọn tí ìrànwọ́ yìí kàn. Kí ó béèrè, kí ó má sì tijú láti tún un béèrè.

Nígbà tí ó bá kan yíyan ìwé àdéhùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo iye owó nìkan. Èyí tí ó kéré jù ni wọ́n ń mú, bí ẹni ń ra ata lọ́jà. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àgbẹ̀ tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òrè kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí ó tó bi aṣojú léèrè pé: àìsàn wo gan-an ni ó wà nínú rẹ̀, èwo ni a yọ kúrò? Àwọn ìwé kan wà tí wọn kò ní san owó bí àìsàn bá jẹ́ èyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún, tí olóhun kò sì gún un. Lúkúlúkú adìẹ jẹ́ ọ̀kan, kátà tí ń pa ewúrẹ́ jẹ́ òmíràn. Àwọn ìwé kan wà tí olè jíjà kò sí nínú wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé olè gan-an ni ń dààmú ẹni tí oko rẹ̀ wà létí títì márosẹ̀. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní ọjọ́ ìdúró: àìsàn tí ó bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a sanwó kò kàn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà sáré wá ra ìwé nígbà tí ẹran rẹ̀ ti dùbúlẹ̀.

Kí a tún wo ọ̀rọ̀ iye. Bí agbo ẹlẹ́dẹ̀ bá tó ₦2,000,000, tí olóhun sì pè é ní ₦1,000,000 kí owó ọdún lè fúyẹ́, ìdajì ni ó fi sábẹ́ adójútòfò, ìdajì òfò ni wọn yóò sì ṣírò fún un. Bí ẹran tí ó tó ₦400,000 bá kú, ₦200,000 ni wọn yóò kà, wọn yóò sì tún yọ iye tí àdéhùn sọ pé olóhun yóò gbé fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò pariwo pé wọ́n ja òun lólè. Bẹ́ẹ̀ ni ti àmì. Àgbẹ̀ tí ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ogún, tí ó forúkọ mẹ́wàá sílẹ̀, tí kò sì fi àmì kankan sí etí wọn, kò ní lè fi hàn pé àwọn mẹ́rin tí ó kú wà lára mẹ́wàá náà. Gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ funfun ni ó jọra lójú ẹni tí kì í ṣe olóhun wọn.

Láti ọdún 2003 ni òfin ti sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní adójútòfò. Ìlérí kò tó. Kí a sanwó, kí a gba rìsíìtì tí ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí, kì í ṣe pélébé ìwé tí aṣojú fa ọ̀rọ̀ sí lábẹ́ igi.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ó jẹ́ ẹni tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú Òrè. Ó yá owó ní báńkì, báńkì sì ní kí ó gba ìwé adójútòfò kí wọ́n tó fún un. Ó gbà á, ó san owó rẹ̀, ó tì í bọ àpótí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, abo ẹlẹ́dẹ̀ méjì kọ oúnjẹ, etí wọn pọ́n, ara wọn gbóná. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin tí ń ta oògùn ẹran lọ́jà, ọkùnrin náà gún wọn lábẹ́rẹ́, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́jọ ti kú. Ẹ̀rù bà á, òórùn sì ń rùn, àwọn aládùúgbò ń kùn, ó wá ní kí àwọn ọmọ gbẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n sin wọ́n. Àwọn alápatà kan dé, wọ́n ní àwọn yóò ra èyí tí ó ṣì ń mí ní ẹ̀dínwó. Ó tà wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ó rántí ìwé tí ó wà nínú àpótí.

Kí ni ilé-iṣẹ́ yóò bi í? Dókítà wo ni ó wò wọ́n? Kò sí. Kí ni ó pa wọ́n? Kò mọ̀. Níbo ni òkú wọn wà? Wọ́n ti sin wọ́n. Mélòó ni wọ́n? Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí. Ìgbà wo ni ó fi tó ilé-iṣẹ́ létí? Ó ti kọjá iye ọjọ́ tí ìwé sọ. Àwọn tí ó tà ńkọ́? Ìyẹn tilẹ̀ burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ó ti tan àìsàn ká. Obìnrin yìí kò purọ́, kò sì jalè. Gbèsè báńkì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé tí ó yẹ kí ó gbà á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó le kú, ìjà Òrè, ni àwọn ènìyàn ń sọ láti ìgbà tí ogun abẹ́lé dé ìlú náà ní 1967. Ìjà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù náà le ní tirẹ̀.

Àìsàn tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe àròsọ. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà ya wọ orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 1997, kò pẹ́ tí ó fi kọjá ẹnubodè wọ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní ọdún 2020 ó tún jà púpọ̀, àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àrò, létí ààlà Èkó àti Ògùn, sì pàdánù ohun tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Kò ní oògùn. Kì í mú ènìyàn, èyí ni ó ń mú kí àwọn kan rò pé kò sí ewu nínú títa ẹran náà. Ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bàtà ẹni tí ó wọ inú ọgbà, ọkọ̀ tí ó gbé e, gbogbo rẹ̀ ni ó lè gbé àìsàn lọ sí ọgbà mìíràn. Oríta sì ni Òrè: ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó, ọ̀nà Òkìtìpupa. Ẹran tí a tà ní oríta lówùúrọ̀ lè di àjàkálẹ̀ ní ìlú mìíràn kí ọ̀sẹ̀ tó yí.

Ìṣòro gidi kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí a fi bò. Dókítà yóò ní kí a tètè sin òkú ẹran, ilé-iṣẹ́ yóò ní àwọn fẹ́ rí i. Àwọn méjèèjì ni ó tọ̀nà. Bí olùyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ yóò bá ti Àkúrẹ́ wá, tí kò sì lè dé lọ́jọ́ náà, àgbẹ̀ kò lè máa ṣọ́ òkú ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́jọ nínú oòrùn. Ohun tí yóò ṣe ni kí ó pe ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù kò ní ojú-ìwé. Kí ó pe dókítà. Kí ó ya àwòrán òkú kọ̀ọ̀kan, kí àmì etí hàn nínú àwòrán. Kí ó gé àmì etí náà, kí ó wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú oògùn apakòkòrò bí dókítà bá ti wí, kí ó tọ́jú rẹ̀. Kí dókítà mú ohun àyẹ̀wò kí ilẹ̀ tó gba òkú, nítorí pé yàrá àyẹ̀wò, ìbáà jẹ́ ti Ìbàdàn tàbí ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran tí ó wà ní Vom láti 1924, ni yóò fi ìdí orúkọ àìsàn múlẹ̀. Kí àwọn ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí iye òkú tí a sin.

Nínú gbogbo èyí, ẹ óò rí i pé ọwọ́ dókítà ni ohun gbogbo wà. Dókítà ẹran tí a ń sọ ni ẹni tí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ẹran ní Nàìjíríà ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ sì ṣe é gbé síwájú ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí ń ta oògùn lọ́jà lè mọ iṣẹ́, ó lè ti wo ẹran púpọ̀ sàn, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò lè dúró. Àgbẹ̀ tí ó pe dókítà gidi lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, nígbà tí ara ẹran ṣì le, tí dókítà sì kọ ọjọ́, iye ẹran, oògùn àti abẹ́rẹ́ tí ó lò sínú ìwé, owó tí ó san fún dókítà náà ni yóò bá a gba owó ikú. Èyí ni ọ̀nà tí owó dókítà gbà kan adójútòfò. Ilé-iṣẹ́ kò ní dá owó náà padà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, wọn kò ní san èyí tí ó pọ̀ jù ú lọ.

Àwọn mìíràn a máa da owó gbà-má-bínú ìjọba pọ̀ mọ́ adójútòfò. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 tí àrùn adìẹ H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná, ìjọba ṣèlérí ₦250 lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa láti dá àrùn náà dúró. Adìẹ tí ìjọba bá pa ni, kì í ṣe èyí tí àìsàn ti pa kí wọ́n tó dé. Àánú àti ètò ìlera ìlú ni ìyẹn. Ó lè wá, ó lè má wá. Àdéhùn ni ti adójútòfò, a sì lè fi òfin béèrè fún un.

Kí ni a ó wá ṣe sí owó ìwòsàn, nígbà tí ìwé kò san án? Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìmọ ọ̀nà. Láti ọdún 1935 tí òfin ti fi ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù múlẹ̀ ni àwọn olóko kòkó ti ń fi owó wọn jọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ẹran ní Òrè tàbí Òdìgbò lè ya àpótí kan sọ́tọ̀ tí a kò ní fi ṣe ohun mìíràn ju owó dókítà lọ, kí olúkúlùkù máa dá iye kan sí i lóṣooṣù ní ìwọ̀n ẹran rẹ̀. Bí ogún ènìyàn bá pe dókítà kan náà ní ọjọ́ kan náà, owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò pín sí ogún. Ìwé àkọsílẹ̀ tí dókítà bá kọ fún wọn ni yóò sì sìn wọ́n dé iwájú ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ohun kan ni kí wọ́n ṣọ́ra fún: kí àpótí náà má di ibi tí a ti ń yá owó ṣe òkú. Púpọ̀ nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ó ti kú bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa gbígba owó. Bí ó bá jẹ́ pé báńkì ni ó yá àgbẹ̀ lówó, ó ṣeé ṣe kí orúkọ báńkì wà nínú ìwé pé òun ni yóò kọ́kọ́ gba owó tí ilé-iṣẹ́ bá san. Kí àgbẹ̀ ka ibẹ̀ dáadáa kí ó tó máa ṣètò ohun tí yóò fi owó náà rà. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti sanwó, kí ó béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá ìdí náà wà nínú ìwé àdéhùn. Kí ó má fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ òun nígbà tí ó jẹ́ pé apá kan ni wọ́n mú wá. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àjọ tí ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní 1997 tí a ń pè ní NAICOM, a máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ̀dà ìwé àdéhùn, rìsíìtì, ìwé dókítà, èsì yàrá àyẹ̀wò, àwòrán, àti lẹ́tà tí a fi tó ilé-iṣẹ́ létí pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á ni yóò kó lọ. Ẹ̀dà ni kí ó kó lọ o. Kí ojúlówó wọn wà nílé.